Ṣé mo lè sun hostel ní Edinburgh ní ìparí November kí òtútù má gan mí pa?

ÌyáOnírun_Súrùlérè:
Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan ni mo ní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò mi obìnrin ń gba Master's ẹ̀ ní Unifásítì Edinburgh, ìparí November ni graduation wọn, vísà ti jáde, owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ti gbọ́n àpò mi gbẹ débi pé mi ò lè wo ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì. Yàrá kékeré kan ni àbúrò mi ń gbé níbẹ̀, onílé ẹ̀ ò sì fẹ́ àlejò tó máa sùn mọ́jú. Òun ló ní kí n lọ búùkù hostel, bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́fà, obìnrin nìkan. Èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún, tí mo ní ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù! Hostel tí mo mọ̀ ni ti ilé ìwé, tí wọ́n ti ń jí bọ́kẹ́ẹ̀tì èèyàn tomi-tomi. Èyí tó wá ń já mi láyà jù ni òtútù, torí èmi tẹ́ ẹ ń wò yìí, tí wọ́n bá ti tan AC ní báǹkì báyìí mo ti ń wá ìborùn. Ṣé inú ilé yẹn máa ń móoru ṣá? Ṣé wọ́n ń fúnni ní bùláńkẹ́ẹ̀tì àbí kí n di tèmi láti ilé? Kí ni kí n rà ní Yábàá kí n tó lọ? Mo máa kọ́kọ́ lo ọjọ́ díẹ̀ ní London kí n tó wọ rélùwéè lọ bá a.

ỌmọÈbútéMẹ́ta:
Àǹtí mi, ẹ kú ìmúra, ẹ sì kú oríire àbúrò yín. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí inú ilé, òtútù ò sí ńbẹ̀. Hítà wà lára ògiri, duvet, ìyẹn bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, àti ìrọ̀rí wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ibòmíì á ti tẹ́ ẹ, ibòmíì á kó aṣọ ẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ fúnra yín. Ẹ má di bùláńkẹ́ẹ̀tì kankan, ẹrù lásán ni. Ooru gan-an ló máa ń dààmú èèyàn lóru, pàápàá ẹni tó bá gba bẹ́ẹ̀dì òkè, ẹ̀ ń làágùn, ọ̀fun gbẹ, imú gbẹ, ètè bẹ́. Ẹ mú òrí díẹ̀ dání kẹ́ ẹ fi pa ètè àti ihò imú kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ sì gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Ibi tí òtútù ti máa mú yín ni ìgbà tẹ́ ẹ ò tíì ní bẹ́ẹ̀dì. Hostel tó pọ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ yàrá kó tó di aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì ń lọ, aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ kó jáde. Bàálù alẹ́ láti Ìkẹjà sábà máa ń balẹ̀ London ní kùtùkùtù, ẹ wá rò ó wò, ẹ ti balẹ̀ láti aago mẹ́fà, ẹ ò rí ibi sùn títí ọ̀sán, ẹ̀ ń fa báàgì kiri nínú òjò wẹ́wẹ́, bàtà ti tutù, ìbọ̀sẹ̀ ti rin. Òtútù tó máa wọ ara yín lọ́jọ́ yẹn, ó lè máà jáde títí ẹ fi máa dé Edinburgh. Nítorí náà ẹ má kàn tẹ èyí tó pọ́ọ́kú jù. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń bá èèyàn tọ́jú ẹrù kí yàrá tó ṣí, bóyá pálọ̀ ìsàlẹ̀ wà ní ṣíṣí látàárọ̀ tẹ́ ẹ lè jókòó mu tíì, àti bó ṣe jìnnà sí stéṣọ̀n tó. Èyí tó fi páùn díẹ̀ dín owó tó wá wà ní ìpẹ̀kun ìlú, owó bọ́ọ̀sì á kó gbogbo èrè ẹ̀ jẹ.

Rélùwéè láti stéṣọ̀n King's Cross ní London dé Waverley ní Edinburgh tó bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Inú kòtò ni stéṣọ̀n Waverley wà, tẹ́ ẹ bá ti ń jáde òkè lẹ ń gùn, atẹ́gùn sì máa pàdé yín níbẹ̀, kò ní kí yín dáadáa. Apá Old Town, òkúta ni wọ́n tò sí títì, tí òjò bá rọ̀ ó ń yọ̀, táyà báàgì ò lè yí lórí ẹ̀. Báàgì ńlá tá a fi ń kó ọjà Dubai yẹn, ẹ fi sílé. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ dé lọ́sàn-án, torí nígbà yẹn ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Àgádágodo náà, ti yín lẹ máa mú lọ, lọ́kà wà ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi kì í fúnni ní kọ́kọ́rọ́. Kékeré ni o! Irú èyí tẹ́ ẹ fi ń ti ṣọ́ọ̀bù, ọrùn ẹ̀ ti nípọn jù, kò ní wọ ihò. Tówẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n máa ń gba owó lé e, ẹ mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó máa ń tètè gbẹ.

Bọ̀dá_Ìdúmọ̀tà:
Ẹ̀yin ọmọ yìí fẹ́ràn ìyà ṣá. London tí Yorùbá kún Peckham fọ́fọ́, màdáámú ò ní mọ̀lẹ́bí kan tó máa gbà á sílé fún ọjọ́ mélòó kan ni? Àgbàlagbà ń sun yàrá ẹlẹ́ni mẹ́fà, ẹni òkè ń hanrun, ẹni ìsàlẹ̀ ń tú nylon wàràwàrà láago mẹ́ta òru. Kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀ yẹn?

Sísí_Akókà:
Bọ̀dá, ẹ kúulé o, ṣùgbọ́n ilé ẹbí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ máa gbé gàárì, ẹ máa gbé aṣọ fún ìyàwó ilé, bàtà fún ọmọ, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ wọ́n á ní kẹ́ ẹ bá àwọn mú ọmọ ní school torí àwọn wà ní shift. Èyí tó tún wá dùn jù, ilé wọn gan-an ni òtútù wà! Láti ìgbà tí owó gáàsì ti fò lókè ní 2022, ẹlòmíì á tan hítà ní wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan lálẹ́, á ní kí gbogbo ilé wọ súwẹ́tà. Ní hostel ẹ̀ẹ̀kan lẹ san owó, bílì ò kàn yín.

Ọ̀rọ̀ nylon yẹn ṣá, òótọ́ lẹ sọ. Àǹtí, ẹ kó aṣọ ọ̀la sórí bẹ́ẹ̀dì kí iná tó kú, ẹ má sì ki nǹkan kan sínú nylon ṣọ́ọ̀bù. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má gba WhatsApp call lórí speaker nínú yàrá. Ẹ̀yin náà mọ ohùn wa.

Ìyá_Ọlọ́kirika_Katangowa:
Yábàá dára ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì òtútù, Katangowa ni kẹ́ ẹ wá, ní Super lápá Abúlé-Ẹgbà, torí ọjà tí ò yá ní Èkó ni, a kì í lè gbówó lé e. Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ fa síìpù ẹ̀ látìsàlẹ̀ dókè lẹ́ẹ̀mejì, tó bá há níbì kan ẹ jù ú sílẹ̀, torí jákẹ́ẹ̀tì tí ò ṣeé tì, aṣọ ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ fún un mọ́ ọwọ́ kẹ́ ẹ wá tú u sílẹ̀, ìyẹ́ inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wú padà, tó bá di kókó-kókó sójú kan ẹ̀rọ ìfọṣọ ti bà á jẹ́. Ẹ rántí wo abẹ́ apá àti ọrùn. Kó gùn kọjá ìdí, kó ní fìlà lẹ́yìn, kí ojú ẹ̀ má mu omi. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ẹ̀ fún súwẹ́tà, ẹ má ra èyí tó fún yín mọ́ra torí pé ó fi shape hàn o.

Abẹ́ ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, tẹ́ ẹ bá làágùn sínú ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kì í tètè gbẹ, òógùn yẹn ló máa tutù sí yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀. Thermal, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ń mú ara móoru yẹn, ni kó kan ara, súwẹ́tà wool lé e. Ìbọ̀sẹ̀ wool náà, méjì-mẹ́ta.

ÌyáOnírun_Súrùlérè:
Háà, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ó ku díẹ̀ sí i. Lace àti gèlè ni mo fẹ́ wọ lọ́jọ́ náà, mi ò lè lọ wọ jákẹ́ẹ̀tì okirika nínú fọ́tò. Mo tún fẹ́ gbé irú àti ẹran díndín lọ kí n fi se ọbẹ̀ fún ọmọ yẹn ní kíṣìnnì hostel. Ọjọ́ orí mi ńkọ́, wọn ò ní lé mi?

Tísà_Mushin:
Ẹ má bẹ̀rù ọjọ́ orí. Tísà bíi tiwa ló bẹ̀rẹ̀ hostel, ará Jámánì, Richard Schirrmann. Òjò àti àrá ló ká òun àti àwọn ọmọ ilé ìwé ẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà ní 1909, inú kíláàsì ilé ìwé kan ni wọ́n sùn mọ́jú, ibẹ̀ ni ọgbọ́n yẹn ti wá sí i lórí. Ní 1912 wọ́n ṣí àkọ́kọ́ nínú ilé olódi àtijọ́ kan ní Altena. Lónìí, YHA, ẹgbẹ́ tó ni ọ̀pọ̀ hostel ní England àti Wales, ò ní òfin pé o ti dàgbà jù, arúgbó ń sùn níbẹ̀. Àwọn aládàáni kan ló máa ń fi gbèdéke ọjọ́ orí sí yàrá àjùmọ̀sùn, ẹ ka òfin wọn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹran ò ṣeé gbé o. Britain ò gba ẹran tàbí mílíìkì láti Nàìjíríà wọlé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní éápọ̀ọ̀tù. Ẹ ra ẹran níbẹ̀.

Sísí_Akókà:
Irú kẹ̀! Nínú kíṣìnnì tí ará Japan àti ará Brazil jọ ń lò, láago mẹ́jọ alẹ́, pẹ̀lú fèrèsé títì torí òtútù? Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sè é ní yàrá àbúrò yín lọ́sàn-án, onílé ò lè bínú sí èèyàn tó wá jẹun tó sì lọ.

Lace yín, ihò-ihò ni, atẹ́gùn ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ wá thermal tó jọ àwọ̀ ara yín, kó gùn dé ọwọ́, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ sábẹ́ bùbá, omíì ti ìsàlẹ̀ sábẹ́ ìró, ojú ò ní mọ̀. Inú McEwan Hall, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti máa ń ṣe graduation, móoru, jákẹ́ẹ̀tì á wà lọ́wọ́ yín títí tẹ́ ẹ fi jáde wá ya fọ́tò. Auto-gèlè ni kẹ́ ẹ mú, torí láago mẹ́jọ àárọ̀ ilẹ̀ lè máà tíì mọ́ dáadáa, àwọn tó kù nínú yàrá ṣì ń sùn, ẹ ò lè tan iná máa we gèlè. Ìta ibi ìwẹ̀ ni díńgí máa ń wà.

Ìyá_Ọlọ́kirika_Katangowa:
Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ tètè jí, àárọ̀ la máa ń já bélì, ẹni tó bá dé lọ́sàn-án àṣàkù ló máa ṣà. Ẹ wọ bùbá lace yẹn wá kẹ́ ẹ lè fi jákẹ́ẹ̀tì lé e wò.