Ìpín òjíṣẹ́ ni, kì í ṣe owó oṣù: lórí ọ̀rọ̀ "stipend" nínú àwọn ẹjọ́ ìjọ Skọ́tlándì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ẹni tí ó gbé ìbéèrè yìí wá ń túmọ̀ àlàyé lórí àwọn ẹjọ́ tí òjíṣẹ́ ìjọ àti àwọn onílẹ̀ Skọ́tlándì ń bá ara wọn rò láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún títí dé ìkejìdínlógún, ó sì fẹ́ mọ ohun tí a ó máa pe "stipend", ìyẹn ohun tí òfin ní kí a máa fún òjíṣẹ́ ìjọ láti fi gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ti wọlé kí n tó débẹ̀. Ọ̀kan ní kí a pè é ní owó oṣù, èkejì ní àjẹmọ́nú. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó jinlẹ̀ jù nínú wọn tí ó sì lè ṣini lọ́nà jù, ní kí a pe "teind", idámẹ́wàá èso ilẹ̀ tí stipend ti ń jáde, ní ìṣákọ́lẹ̀, kí stipend fúnra rẹ̀ sì di owó ìṣákọ́lẹ̀. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ìpín òjíṣẹ́ ni mo dábàá, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Owó oṣù kò gba àlàyé púpọ̀. Kò sí oṣù nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ó ń tọ́ sí òjíṣẹ́, ní Whitsunday àti ní Michaelmas, ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ méjì tí wọ́n fi ń san gbèsè. Lọ́pọ̀ ìgbà ni kò sì sí owó níbẹ̀, nítorí ọkà bálì àti ìyẹ̀fun óòtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ń gba owó oṣù ní ọ̀gá tí ó gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń san stipend kì í ṣe ọ̀gá òjíṣẹ́, àwọn mìíràn nínú wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ rí i sójú. Ní ti àjẹmọ́nú, ohun tí a fi lé orí owó iṣẹ́ ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, stipend kò sì gun orí ohunkóhun.

Ìṣákọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí ẹni tí ó dá a lábàá rí i dáadáa pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọrẹ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Nílẹ̀ tiwa, ẹni tí ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, láti fi jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun. Ní Skọ́tlándì ìgbà náà, onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí ó ń gba teind kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ilẹ̀ náà, kò lè lé ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀. Orí apá kan nínú èso ilẹ̀ ni ẹ̀tọ́ tirẹ̀ dúró sí, kò sì kọjá ibẹ̀. Bí a bá pè é ní ìṣákọ́lẹ̀, òǹkàwé Yorùbá yóò gbà pé òjíṣẹ́ ìjọ ni ó ni ilẹ̀, gbogbo ẹjọ́ náà yóò sì dojú rú mọ́ ọn lójú.

Idámẹ́wàá ni teind, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gan-an nìyẹn lẹ́nu àwọn ará Skọ́tlándì. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé idámẹ́wàá tí a mọ̀ lónìí ni èyí tí onígbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ń yọ nínú owó rẹ̀ tí ó sì ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tiwọn kì í ṣe ọ̀ràn ìfẹ́ inú. Kí Skọ́tlándì tó kọ àṣẹ póòpù sílẹ̀ ní 1560, idámẹ́wàá ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbègbè ìjọ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ àti àwọn kàtídírà. Nígbà tí ìsìn yí padà, ohun ìní yìí kò tẹ̀ lé e. Láti ìparí ọdún 1561, wọ́n gba àwọn tí ó wà lórí oyè ìjọ tẹ́lẹ̀ láyè láti máa jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta owó oyè wọn títí wọn yóò fi kú, ìdá kan tó kù ni ìjọba Ọbabìnrin Mary àti àwọn òjíṣẹ́ tuntun sì jọ pín. Inú bí John Knox, aṣáájú àwọn tí ó yí ìsìn náà padà, ó ní òun rí i pé wọ́n fi ìdá méjì ta Sátánì lọ́rẹ, Ọlọ́run àti Sátánì yóò sì tún jọ pín ìdá kẹta. (Mo kọ Sátánì, n kò kọ Èṣù, ẹ mọ ìdí rẹ̀.) Lẹ́yìn náà ni Ọba James Kẹfà sọ ilẹ̀ àwọn ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ di ìní àwọn ìjòyè, idámẹ́wàá sì bá ilẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ìjòyè tí kò wàásù rí láyé rẹ̀ lè jogún idámẹ́wàá, kí ó tà á, tàbí kí ó fi háyà. Mo dábàá pé kí a máa kọ ọ́ ní idámẹ́wàá ilẹ̀, kí ó lè yàtọ̀ sí ti inú àpò ìwé ọjọ́ Ìsinmi, kí a sì pe ẹni tí ó ni ín ní onídámẹ́wàá.

Ẹnì kan lè sọ pé idámẹ́wàá kò bá ìṣirò mu mọ́, òótọ́ ni. Ní àtètèkọ́ṣe, ìtí ọkà kẹwàá gan-an ni wọ́n ń mú lóko, àgbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kó ọkà rẹ̀ wọlé títí onídámẹ́wàá yóò fi wá mú tirẹ̀, òjò ìbáà máa pa á. Ọba Charles Kìíní gbé ọ̀ràn náà dìde ní 1625, ó sì gbé ìdájọ́ kalẹ̀ ní 1629 pé ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ilẹ̀ ń mú wọlé lọ́dún ni a ó máa ka idámẹ́wàá sí, àti pé onílẹ̀ lè ra idámẹ́wàá ilẹ̀ ara rẹ̀ ní iye tí ó tó ti ọdún mẹ́sàn-án. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fọwọ́ sí i ní 1633. Báyìí ni idámẹ́wàá ṣe di ìdámárùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ni ín kò yí orúkọ rẹ̀ padà, n kò sì rí ìdí tí àwa yóò fi bá wọn yí i.

Láti inú idámẹ́wàá ilẹ̀ yìí, lọ́wọ́ ẹni yòówù tí ó bá wà, ni òfin ti ń yọ ohun tí òjíṣẹ́ yóò jẹ. Òfin ọdún 1617 ní kí ó má dín ní 500 merk tàbí chalder ọkà 5, kí ó má sì ju 1,000 merk tàbí chalder 10 lọ. Òfin 1633 gbé ìsàlẹ̀ náà sókè dé 800 merk tàbí chalder 8. Òṣùwọ̀n ọkà ni chalder, ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ boll 16, òṣùwọ̀n tí ó kéré sí i. Merk kan sì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta pọ́n-ùn Skọ́tlándì, èyí tí 12 rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kan, nítorí náà 800 merk kò ju pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì 44 àti díẹ̀ lọ. Ohun tí ó wà nílẹ̀ nìyí: ohun kan tí a kó jọ, ẹni púpọ̀ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àti òjíṣẹ́ tí òfin ní kí a bu tirẹ̀ fún. Kí ni Yorùbá ń pe ìyẹn bí kò bá ṣe ìpín? Ìpín náà ni Bíbélì wa lò nígbà tí ó ń sọ ohun tí ó tọ́ sí ìran Léfì tí kò gba ilẹ̀. "Stipendium" tí àwọn ará Róòmù ń san fún ọmọ ogun, tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, ní ìwọ̀n nínú, nítorí pé wíwọ̀n ni wọ́n ń wọn owó nígbà náà. A lè fi ìwọ̀n yìí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ó kàn.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn náà ni ó ti ṣi ọ̀pọ̀ atúmọ̀ lọ́nà. Nínú òfin Skọ́tlándì ìgbà náà, "modification" kì í ṣe àtúnṣe, kì í sì í ṣe ìyípadà. Ó jẹ́ ìpinnu kóòtù nípa iye tí ìpín òjíṣẹ́ yóò jẹ́: chalder mélòó, owó mélòó. Ìdíwọ̀n ni mo fẹ́ kí a lò. "Locality" tí ó tẹ̀ lé e kò ní í ṣe pẹ̀lú àdúgbò, bí ẹnì kan ti kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó jẹ́ ìdájọ́ tí ń sọ ẹrù tí onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò rù nínú iye tí a ti díwọ̀n. Mo pè é ní ìpín-ẹrù. Níbẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń gbóná, nítorí pé òjíṣẹ́ kò ní bìkítà ẹni tí ó san án, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ a máa fi ọ̀pọ̀ ọdún jà á láàárín ara wọn. Idámẹ́wàá tí kò tíì kúrò lọ́wọ́ onídámẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ ń di ẹrù lé, ẹni tí ó ti ra ti ilẹ̀ rẹ̀ a sì wà lẹ́yìn, nítorí náà ìwé tí baba ńlá ẹnì kan fi ra idámẹ́wàá lè gba ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹrù.

"Augmentation" ni ẹjọ́ tí òjíṣẹ́ ń pè pé ìpín òun kò tó òun jẹ mọ́. Láti 1707, àwọn adájọ́ Court of Session, ilé ẹjọ́ gíga Skọ́tlándì, ní Edinburgh ni ó ń gbọ́ ọ. Àwọn kan lára yín dábàá kí a pè é ní àfikún. Ìbùsí ni mo fara mọ́, nítorí a kì í ṣe ohun mìíràn kún un, inú idámẹ́wàá kan náà tí ó ṣẹ́ kù ni a tún ti ń bù sí i. Bí ìṣẹ́kù kò bá sí, ìbùsí kò sí. Ohun tí àwọn onílẹ̀ fi ń dènà rẹ̀ ni ìwé ìdíyelé àtijọ́: iye tí a bá ti dá lé idámẹ́wàá ilẹ̀ kan ní ìgbà Charles kò yí padà mọ́, bí owó ilẹ̀ náà tilẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Onílẹ̀ tí ó bá rí i pé ẹrù náà fẹ́ wọ òun lọ́rùn lè jọ̀wọ́ gbogbo idámẹ́wàá rẹ̀ ní iye àtijọ́ yẹn, kí ó máa san án lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni kò sì lè bi í léèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọ̀wọ́ bá "surrender" yìí mu rẹ́gí, n kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò bá mi jà sí i.

Ó ku àwọn kéékèèké. Mo ní òjíṣẹ́, n kò ní àlùfáà, nítorí pé ọ̀rọ̀ àlùfáà ni àwọn ènìyàn yìí ń sá fún láti 1560. Àgbègbè ìjọ ni kí a pe "parish", nítorí páríṣì ti di orúkọ ẹ̀ka ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu wa, tiwọn sì jẹ́ ilẹ̀ tí ó ní ààlà. "Heritor" kì í ṣe ajogún: ẹni tí ó ra ilẹ̀ lánàá náà jẹ́ heritor. Onílẹ̀ tó o, ẹ jọ̀ọ́, kí a má ṣe fi "ọmọ" ṣáájú rẹ̀. Àti fún ẹni tí ó béèrè ohun tí "horning" jẹ́: láyé ìgbà náà, bí onílẹ̀ bá kọ̀ tí kò san ìpín tí kóòtù ti dá, ìránṣẹ́ òfin a lọ sí àgbélébùú ọjà, òpó tí wọ́n ti ń kéde ọ̀rọ̀ láàárín ìlú, a fọn fèrè ìwo lẹ́ẹ̀mẹta, onígbèsè náà a sì di ọlọ́tẹ̀ sí ọba. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ bí ó ti rí, pé wọ́n fọn fèrè lé e lórí.

Èyí tí n kò tíì rí ojútùú sí ni "annat", ìdajì ìpín ọdún kan tí òfin 1672 ní kí a fún àwọn tí òjíṣẹ́ tó kú fi sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ ìpín opó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ní tiwọn nínú rẹ̀, bí kò bá sì sí ọmọ, ìbátan rẹ̀ ń bá opó pín in. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó gbé e wá.