"Ìdámọ̀ àyálò" ni, kì í ṣe "kọ́kọ́rọ́ àjèjì"

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ará. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kó jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa "database", ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìwífún pamọ́ sí létòlétò, ní yunifásítì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí iṣẹ́ ńlá ni. "Àká ìwífún" tí wọ́n pe "database" fúnra rẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an: inú àká la ń kó àgbàdo sí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú "àká-èdè". Àmọ́ mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò bá mi lára mu rárá: "ìbátan" fún "relation", "kọ́kọ́rọ́ àjèjì" fún "foreign key", àti "ìdúnàádúrà" fún "transaction". Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tú, wọn ò tú ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú "ìbátan" ṣáájú. Èrò àwọn tó fara mọ́ ọn ni pé àwọn àtẹ ("table") inú àká ìwífún bá ara wọn tan, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é ní "relational". Bẹ́ẹ̀ kọ́. Edgar Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní IBM, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní San Jose ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú àká ìwífún yìí jáde nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní 1970, inú ìmọ̀ ìṣirò ló sì ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí àwọn oníṣirò ń pè ní "relation" ni àkójọ àwọn ìlà tó jẹ́ pé ohun tó wà nípò kìíní nínú ìlà kọ̀ọ̀kan ti inú agbo kan wá, èyí tó wà nípò kejì ti inú agbo mìíràn wá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ kan ṣoṣo tó dá wà, tí kò sí àtẹ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "relation" ni. Ta ni yóò wá bá tan?

"Àtẹ" ni kó máa jẹ́. Bí ìyá aláta bá tún àtẹ rẹ̀ tò, tó gbé tàtàṣé síbi tí tòmátì wà tẹ́lẹ̀, àtẹ kan náà ṣì ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú Codd: èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ìlà kò já mọ́ nǹkan. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé tòmátì méjì lè jọra lórí àtẹ ọjà, ṣùgbọ́n ìlà méjì ò gbọ́dọ̀ jọra látòkèdélẹ̀ nínú àtẹ Codd.

Ibẹ̀ ni "key" ti wọlé. Nígbà tí mo ń ṣe kọ́ọ̀sì náà, olùkọ́ wa ya àtẹ àwa akẹ́kọ̀ọ́ sójú pátákó: nọ́ńbà mátíríìkì, orúkọ, ẹ̀ka, nọ́ńbà fóònù. Wọ́n ní kí ni "key" níbẹ̀. Ẹni tó jókòó tì mí dáhùn pé pásíwọ́ọ̀dù ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, mi ò sì rí ẹ̀bi rẹ̀, torí iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni kó ṣílẹ̀kùn. "Key" inú àtẹ kì í ṣí ohunkóhun. Òun la fi ń dá ìlà kan mọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa méjì là ń jẹ́ orúkọ kan náà ní kíláàsì wa, títí kan orúkọ bàbá. Lọ́dún kejì, wọ́n gbé máàkì mi fún un, wọ́n gbé tirẹ̀ fún mi, torí pé orúkọ nìkan ni ẹni tó tẹ èsì ń wò. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé "ìdámọ̀" ni orúkọ rẹ̀.

Bí nọ́ńbà mátíríìkì bá lè dáni mọ̀, tí NIN náà sì lè dáni mọ̀, ọmọ oyè ni méjèèjì. Èyí tí a bá mú nínú wọn ló jọba. Nítorí náà, "ìdámọ̀ ọmọ-oyè" fún "candidate key", "ìdámọ̀ aládé" fún "primary key".

"Kọ́kọ́rọ́ àjèjì" ló dùn mí jù. Àtẹ kejì tí olùkọ́ wa yà ni ti ìforúkọsílẹ̀: nọ́ńbà mátíríìkì, àti kọ́ọ̀sì tí ẹni náà ń ṣe. Nọ́ńbà mátíríìkì tó wà níbẹ̀ ni "foreign key", àtẹ akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ín. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà tí kò sí nínú àtẹ akẹ́kọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àjèjì gan-an ni wọn ò gbà láyè! Ẹni tí wọ́n mọ ilé bàbá rẹ̀ nìkan ló ń wọlé. "Ìdámọ̀ àyálò" ló bá a mu, torí ẹni tó yá nǹkan lò kò di olóhun. Olóhun ń bẹ nílé, a sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ohun tí a bá yá, à ń dá a padà ni, nọ́ńbà yìí kò sì padà síbì kankan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "tábìlì" àti "ṣọ́ọ̀ṣì" náà kò padà, ọ̀rọ̀ àyálò la ṣì ń pè wọ́n.

Ó wá ku "ìdúnàádúrà". Ní 1981, Jim Gray, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé inú òfin àdéhùn ni èrò "transaction" ti wá: àwọn méjì á dúnàádúrà títí, wọ́n á fẹnu kò, wọ́n á bu ọwọ́ lù ú, ó di dandan. Ohun tó ṣáájú ọ̀rọ̀ gan-an ni ìdúnàádúrà, èèyàn sì lè fi í sílẹ̀ láàárín kó máa bá tirẹ̀ lọ. "Transaction" kò ní àárín. Lọ́dún tó kọjá, mo fi 5,000 náírà ránṣẹ́ sí ìyá mi. Owó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́rin, oògùn ni wọ́n sì fẹ́ fi rà. Kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe dá "transaction" sílẹ̀: yọ ọ́ níhìn-ín kí o sì fi í sọ́hùn-ún, tàbí kí o má ṣe ìkankan. "Àṣetán" ni mo dábàá. Mo mọ̀ pé àwọn onígírámà ń lo "aṣetán" fún ibá ìṣẹ̀lẹ̀ tó ti parí, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa kó ibá ìṣẹ̀lẹ̀ pọ̀ mọ́ owó báǹkì. Kí "commit", ìyẹn ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá gbà pé ó ti parí, jẹ́ "ìbuwọ́lù", kí "rollback", ìyẹn ìgbà tó bá dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, jẹ́ "ìdápadà-sípò".

Mo fara mọ́ ìyókù, àyàfi "òfo" fún "null", mi ò sì tíì rí ọ̀rọ̀ fún un. Bí ààyè nọ́ńbà fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣófo, ṣé kò ní fóònù ni, àbí kò tíì sọ fún wa? Codd fúnra rẹ̀ padà sọ pé kí àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà fún méjèèjì. Lẹ́nu tiwa, "kò sí" àti "a ò mọ̀" kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ bá mi wá orúkọ méjì fún wọn.