Títẹ́ pákó lámínéètì: ti ilé tí a ń gbé níhìn-ín àti ti ilé tí a ń kọ́ sí Ṣágámù

Ọmọ Ṣágámù, ní Manchester:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Mo fẹ́ ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ mi kúrò, kí n sì tẹ́ lámínéètì dípò rẹ̀. Owó iṣẹ́ tí wọ́n bù fún mi ju owó pákó náà lọ, nítorí náà ni mo ṣe ń rò ó pé kí n tẹ́ ẹ fúnra mi. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó bọ́gbọ́n mu kí n ra páálí mélòó kan kún un fún ilé tí èmi àti ọkọ mi ń kọ́ sí Ṣágámù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ní Birmingham:

Arábìnrin wa, ẹ kú ìnáwó ilé kíkọ́. Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí pákó yìí jẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo òfin rẹ̀ ti wá. Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi àtè àti ooru tẹ̀ pọ̀ ni inú rẹ̀. Àwòrán igi lórí bébà ni ohun tí à ń rí lókè, ohun líle kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ni ó sì bò ó. Ilé-iṣẹ́ kan ní Sweden ni ó kọ́kọ́ hùmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1977. Ẹsẹ̀ àga kì í tètè ha orí rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń mu omi bí gàrí, kì í tilẹ̀ ṣe gàrí Ìjẹ̀bú tí kì í tètè wú. Bí ó bá ti wú, bí ó tilẹ̀ gbẹ, kì í padà sí bí ó ti wà.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìkan tó láti mú un fẹ̀. Inú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mo tẹ́ àkọ́kọ́ tèmi, nígbà tí híítà ń jó tọ̀sán-tòru tí ilé sì gbẹ háú, mo sì ti pákó mọ́ ògiri gbágbá nítorí mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń rẹwà. Nígbà tí oṣù Agẹmọ dé, pákó fẹ̀, kò rí ibi tí yóò yà sí, ó sì yọ iké láàárín pálọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi béèrè bóyá mo sin nǹkan síbẹ̀. Ẹ fi àlàfo mílímítà 8 sí 10 sílẹ̀ yí ògiri, páìpù àti férémù ilẹ̀kùn ká. Pákó ìdí ògiri ni yóò bò ó. Ẹ má kàn án ní ìṣó, ẹ má sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná lé e, nítorí ó gbọ́dọ̀ lè sún.

Ẹ to àwọn páálí náà ní ìbúlẹ̀ sínú yàrá ọ̀hún, láìtú wọn, fún wákàtí 48. Ẹ gbé igi tó gún régé, tó gùn tó mítà 2, lé ilẹ̀. Bí kòtò abẹ́ rẹ̀ bá ju mílímítà 3 lọ, ẹ dí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pákó yóò máa mì níbẹ̀ títí ẹnu ìpàdé rẹ̀ yóò fi ṣẹ́. Lórí sìmẹ́ǹtì, ọ̀rá tó nípọn ni ó ń ṣíwájú fóòmù tí à ń tẹ́ sábẹ́ pákó, etí ọ̀rá kan á sì gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ wọn yàrá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìlà ìkẹyìn kò bá ní fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ dín ìlà àkọ́kọ́ kù. Ẹ jẹ́ kí ìpàdé ìlà kan jìn sí ti èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, bí bíríkìlà ti ń to búlọ́ọ̀kù. Ní ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ má gé pákó yí férémù po bí ìgbà tí aránṣọ ń gé ọrùn aṣọ. Ìsàlẹ̀ férémù ni kí ẹ fi ayùn gé, kí pákó lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹnnẹ́, ní Dublin:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Ti Ṣágámù ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí mo ti jìyà rẹ̀. Mo fi lámínéètì ránṣẹ́ sí ilé màmá mi, a sì tẹ́ ẹ sí yàrá ìsàlẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bíríkìlà ní sìmẹ́ǹtì ti gbẹ. Ojú rẹ̀ ni ó gbẹ. A kò tẹ́ ọ̀rá. Kí òjò oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ tó dá, gbogbo ẹnu ìpàdé ti wú bíi búrẹ́dì inú tíì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ gbẹ, kí ó lẹ ọ̀rá mọ́ sìmẹ́ǹtì ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, tàbí tí ojú sìmẹ́ǹtì bá dúdú, kò tíì yá. Ìṣirò àwọn ará Bìrìtìkó ni pé sìmẹ́ǹtì tí a tẹ́ ń gbẹ ní mílímítà 1 lóòjọ́ bí ojú ọjọ́ bá dára, ojú ọjọ́ wa nígbà òjò kò sì dára fún un rárá.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, korobá omi àti ọṣẹ ni a fi ń fọ ilẹ̀ nílé. Màmá mi kò gbà títí di òní pé aṣọ tí a fún gbẹ lè mú ilẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ní Birmingham:

Òótọ́ ni. Yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo tẹ́ tèmi sí nílé, táìlì ni gbogbo ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí àlejò ń gbé kúlà yìnyín wọlé, ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Ọmọ Ṣágámù, ní Manchester:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Táìlì ni ti Ṣágámù nìyẹn. Ṣé mo lè tẹ́ pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pọ̀ láìdá a?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ní Birmingham:

Ẹ dá a lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ fi àlàfo síbẹ̀, kí ẹ sì fi irin pẹlẹbẹ bò ó, kí yàrá kọ̀ọ̀kan lè máa fẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún ìwọ̀n ilẹ̀ náà nítorí èyí tí ẹ óò gé dànù, kí ẹ sì tọ́jú páálí kan pamọ́, nítorí irú àwòrán kan náà lè má sí lọ́jà mọ́ nígbà tí pákó kan bá bàjẹ́.