Báyọ́lọ́jì ti sú mi o: mo kà á, kò wọlé

Àbíkẹ́yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Mo ti ka báyọ́lọ́jì yìí títí ojú fi ń ta mí, síbẹ̀ tí wọ́n bá ti bi mí ní ìbéèrè báyìí, gbogbo ẹ̀ á fò lọ. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá kì í jẹ́ kí n gbádùn. Tí mo bá tanná lóru, á ní kí n pa á. Tí mo bá ń kà á sókè, á ní mò ń pariwo. Tíṣà wa gan-an ló wá burú jù. Mo dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan tá a ń ṣe ecology, ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè àti àyíká wọn, ó wò mí, ó ní "Ìwọ tún ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà, n ò nawọ́ mọ́. Ìwé tí wọ́n ní ká máa lò náà wúwo bí òkúta, lẹ́tà inú ẹ̀ rí bí ẹyin èèrà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ka báyọ́lọ́jì tó fi ń dúró lórí? Ẹ má sọ pé kí n lọ kà á sí i o. Mo ti kà á.

Tíṣà Àgbà:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ìgbà wo ni ìdánwò ọ̀hún? Apá ibo gan-an ni kò yé ọ? O sọ̀rọ̀ yàrá, o sọ̀rọ̀ tíṣà, o sọ̀rọ̀ lẹ́tà inú ìwé, o ò tíì sọ̀rọ̀ báyọ́lọ́jì.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, má sunkún. Èmi náà, mitosis àti meiosis ló fẹ́ẹ̀ ṣẹ́ mi lápá nígbà tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ló là mí lójú. Ó ní mitosis, sẹ́ẹ̀lì kan á di méjì tó jọra, tó jẹ́ pé 46 chromosome (okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá) tí èèyàn ní náà ló máa wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti meiosis, kan á di mẹ́rin, 23 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní, torí pé ìdajì ti ìyá àti ìdajì ti bàbá ló máa pàdé di ọmọ. Ó tán. Nígbà tí mo wá bí àwọn ìbejì mi, àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé tí wọn ò jọra. Mo ní ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ẹyin kan tó pín sí méjì. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi ní ìyẹn! 😂

Bàbá Ṣọlá:
Fóònù ni. Ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ kàwé. Àwa ò ní ìkankan nínú gbogbo èyí, a sì yege.

Àbíkẹ́yìn:
Bàbá Ṣọlá, ẹ ṣeun sà, àmọ́ n kì í gbé fóònù dání tí mo bá ń kàwé. Kò sì sí èyí tí n ò kà. Photosynthesis, mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi: ewé á fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti carbon dioxide ṣe ṣúgà, á tú ọ́síjìn jáde. Ọ̀sán nìyẹn. Tó bá wá di alẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí bíi tiwa.

Àjọkẹ́:
Rárá o. Ewéko ń mí tọ̀sán tòru. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kò lè dúró kó máa retí alẹ́ kó tó lo agbára. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́sàn-án, ọ́síjìn tí ewé ń ṣe pọ̀ ju èyí tó ń lò lọ, ìdí nìyẹn tá ò fi rí i pé ó ń mí.

Bàbá Ṣọlá:
Ṣé ẹ rí i? Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kéèyàn má gbé ewéko sínú yàrá tó ń sùn.

Àjọkẹ́:
Bàbá, ẹni tá a jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ń lo ọ́síjìn ju òdòdó inú ìkòkò lọ fíìfíì. Ṣé ká lé òun náà jáde ni?

Bàbá Ṣọlá:
Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ mú.

Tíṣà Àgbà:
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Àbíkẹ́yìn, mo bi ọ́ pé ìgbà wo ni ìdánwò.

Àbíkẹ́yìn:
Ó ku ọjọ́ 11 sà. Wọ́n ṣe ti ìdánrawò fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè 50, mo gba 19. Ohun tó dùn mí jù ni pé ecology ni mo pàdánù jù, òun ni mo sì kà jù.

Ìyá Ìbejì:
Yéè! Ọjọ́ 11, tí o ń bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́tà inú ìwé!

Tíṣà Àgbà:
Kọ ìbéèrè kan tí o pàdánù síbí, pẹ̀lú ìdáhùn rẹ gan-an. Má tún un ṣe.

Àbíkẹ́yìn:
Wọ́n ní ká fi koríko, tata, ọ̀pọ̀lọ́ àti ejò ṣe food chain. Mo kọ ọ́ pé: ejò → ọ̀pọ̀lọ́ → tata → koríko. Wọ́n fi pupa fà á. Ẹ gbà mí, ṣé ejò kì í jẹ ọ̀pọ̀lọ́ ni?

Tíṣà Àgbà:
Ó ń jẹ ẹ́. Àmọ́ ọfà yẹn kò sọ pé "ó ń jẹ". Ibi tí agbára ń lọ ló ń nà sí. Koríko ló gba agbára lọ́dọ̀ oòrùn, tata jẹ koríko, agbára kọjá sínú tata, bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ejò. Nítorí náà: koríko → tata → ọ̀pọ̀lọ́ → ejò. Bí o ṣe kọ tìrẹ, ejò ló ń bọ́ koríko. Oòrùn dà ńbẹ̀?

Tún wo èyí. Ká ní agbára tó wà nínú koríko jẹ́ 10,000. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń kọjá sí ìpele tó kàn, ìyókù á bá ooru ara, ìrìn àti ìgbẹ́ lọ. Tata á rí 1,000, ọ̀pọ̀lọ́ 100, ejò 10. Òun ló fi jẹ́ pé tata pọ̀ nínú igbó, ejò ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tí ọfà bá ti kọ orí sódì, kò sí ìbéèrè agbára tó o máa gbà.

Àbíkẹ́yìn:
Ẹ dákun sà, nóòtù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fi ń kà, ìwé yẹn ni n kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí. Òun ló sì gba máàkì tó ga jù ní ọdún tiwọn. Kò lè ṣì í.

Bàbá Ṣọlá:
Sọ nóòtù náà nù.

Àjọkẹ́:
Má sọ nǹkan kan nù. Pa á dé, mú ìwé òfìfo, ya gbogbo ohun tí o rántí, lẹ́yìn náà kí o ṣí i kí o wo ibi tí o ti ṣì. Kíkà lásán ń tanni jẹ ni. Kí sì ni nóòtù náà sọ nípa population àti community?

Àbíkẹ́yìn:
Population ni gbogbo ohun alààyè ibì kan, community ni irú kan ṣoṣo.

Àjọkẹ́:
Ó tún kọ orí sódì! Irú kan ṣoṣo níbì kan, bí ọ̀pọ̀lọ́ inú adágún kan, ni population. Gbogbo irú tó wà ńbẹ̀ lápapọ̀ ni community. Fi omi, ilẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ kún un, ó di ecosystem. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ìyá Ìbejì:
Pè é báyìí báyìí. Má sì bá a jà o.

Àbíkẹ́yìn:
Mo ti pè é. Ó ya àwòrán nóòtù tirẹ̀ gan-an ránṣẹ́. Ọfà rẹ̀ dára. Population rẹ̀ náà dára. Èmi ni mo yí wọn nígbà tí mo ń dà á kọ. Mo rò pé ó ṣì í kọ ni, mo ní kí n bá a tún un ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí tíṣà wa ní "Ìwọ tún ni?" yẹn, n ò bi í ní ìbéèrè. Mo dìde sọ fún un ni pé ọfà tó yà sójú pátákó kọ orí sódì. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ yìí! 😂😂 Ó ṣe sùúrù fún ẹ gan-an ni o.

Tíṣà Àgbà:
Ó dáa. Ó ku 30 nínú èyí tí o pàdánù. Máa kọ wọ́n síbí ní márùn-ún márùn-ún, pẹ̀lú ìdáhùn rẹ. Lọ́la, mú ti náítrójìn wá kọ́kọ́.