Mo ná àgbò, ó ní àlùbáríkà, mo padà dé, ó ti tà á

Télọ̀ Gáà Àkànbí
Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí, ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kó tán, inú mi ò sì tíì rọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Gáà Àkànbí níhìn-ín ní Ìlọrin ni mo ti ń ránṣọ. A bí obìnrin, àgbò kan la nílò fún ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo lọ sí kara láàárọ̀ yìí. Mo rí funfun kan báyìí, ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni tó lé tìróò, ìwo rẹ̀ ká róbótó. Mo fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹran wà níbẹ̀. Bàbá Hausa tó ni ín ní 240,000. Mo ní 150,000, ó rẹ́rìn-ín. A nà á, a fà á, mo dé 185,000. Bàbá gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Albarka."

Àlùbáríkà! Kí lẹ fẹ́ kí n gbọ́? Mo ṣe àmín. 150,000 péré ló wà lápò mi, mo ní, "Bàbá, mò ń bọ̀," mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ oní-POS. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí n tètè ṣe tán. Nígbà tí mo máa padà, àgbò mi ti wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Máruwá, wọ́n ti dè é lẹ́sẹ̀, ó ń wò mí. Ọkùnrin kan ti san 195,000.

Mo pariwo. Mo pe bàbá yẹn ní ẹlẹ́nu méjì lójú gbogbo èèyàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò tiẹ̀ bínú, ó kàn ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Ṣé ẹni tó ti fi àlùbáríkà sí ọjà tún lè tà á fún ẹlòmíràn?

Ọmọ Gàmbàrí
Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá. Kano ni bàbá bàbá mi ti wá. Yorùbá la fi dàgbà, àmọ́ a ṣì gbọ́ Hausa ọjà. Níbi ìná ọjà, "albarka" túmọ̀ sí pé owó yín ò gbà. Ó ń fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́ fún yín ni, kó má baà là á mọ́ yín lójú. Tó bá gbà, "na sallama" lẹ máa gbọ́: mo ti yọ̀ǹda rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ẹlòmíràn gbé 300,000 wá, ojú á tì í láti gbà á. Ẹ̀yin náà ò sì gbọdọ̀ ní ẹ ò rà mọ́.

Àmín tẹ́ ẹ ṣe yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù.

Ọmọ Ìgbómìnà
Èmi ò gbà o. Ìlọrin là wà. Kí ọlọ́jà sọ èdè tí oníbàárà gbọ́.

Ọmọ Gàmbàrí
Gáà tí bọ̀dá ń gbé gan-an, ibùdó Fúlàní là ń pè bẹ́ẹ̀. Èdè ta ni ká wá sọ?

Ìyá Ẹlẹ́wà Ìpàtà
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta ẹ̀wà. Tí ọmọ Yorùbá bá ná ọjà mi, tó ní "Ìyá, mò ń bọ̀," mo ti mọ̀ pé ó di gbére. Èmi náà ń ṣe é tí mo bá lọ ra aṣọ, ojú ni kì í jẹ́ ká sọ pé ọjà wọ́n. Ṣé bàbá yẹn ò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu wa ni? Ì bá ṣe pé ẹ fi 10,000 sílẹ̀ pé kó so ó mọ́lẹ̀ fún yín. Ó ní "albarka," ẹ ní "mò ń bọ̀." Lójú tiẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ti rọra kọ ara yín.

Alfa Pàkátà
Hadith wà nínú Bukhari àti Muslim pé ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà lè yí ọkàn padà títí wọ́n á fi pínyà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kí ẹsẹ̀ wọn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn ni ìpínyà ọ̀hún. Ṣùgbọ́n Ímáàmù Màlíkì ti Mẹ̀dínà, tí àwa níhìn-ín ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, kò gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, tí ọ̀kan bá ti ní "mo tà," tí èkejì ní "mo rà," ó ti dè wọ́n, bí wọ́n tiẹ̀ ṣì jókòó sórí ẹní kan náà. Tiyín ò dé bẹ́ẹ̀. Ànábì kọ̀ fún wa láti tajà lé ọjà arákùnrin wa lórí, àmọ́ ọjà kankan ò tíì wà láàárín yín. Èébú tẹ́ ẹ bú u ló kù lọ́rùn yín.

Télọ̀ Gáà Àkànbí
Mo ti kí Jímọ̀, mo ti lọ. Mo ra gbànja dání. Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti bú u, ojú gbogbo èèyàn náà ni mo ti dọ̀bálẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, ó pe àwọn ará rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ẹni tó ṣe àmín.

Àgbò mìíràn wà níbẹ̀, aláwọ̀ pupa. Mo ní 165,000. Albarka. Mo dákẹ́. Mo ní 172,000. Albarka. Mo ní 178,000, ó na ọwọ́ sí mi: "Na sallama." Owó ti wà lápò mi lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á sí i lọ́wọ́ níbẹ̀.

Àmọ́ ìwo ti àná ga ju eléyìí lọ o.