Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe bàbá, kí ló kan ọpọlọ àti kíndìnrín?

Àbíkẹ́yìn: Ẹ kú ilé o. Hẹpatáítìsì B ti ba ẹ̀dọ̀ bàbá wa jẹ́, ó ti le gbagidi, omi sì kún ikùn wọn. Láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, ojú wọn ń dá lóru, wọn ò mọ ọjọ́ mọ́. Àyẹ̀wò tún ní kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé àìsàn mìíràn ló tún dé? Ṣé ká gé ẹran kúrò nínú oúnjẹ wọn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Àìsàn kan náà ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ìfun wá máa ń gbé májèlé kan tó ń jẹ́ ammonia, ẹ̀dọ̀ ló sì ń sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Tí ẹ̀dọ̀ bá ti le, májèlé á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ sí ọpọlọ. Ẹ ní kí wọ́n na apá síwájú, kí wọ́n ká ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Bí ọwọ́ bá ń já wálẹ̀ tó tún ń padà sókè, ọpọlọ ló ti kàn yẹn. Dókítà á fún wọn ní lactulose, oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, títí wọ́n á fi máa ya ìgbẹ́ rírọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Kó má di ìgbẹ́ gbuuru o, tí omi ara bá gbẹ, kíndìnrín ló máa jìyà rẹ̀.

Bọ̀dá Fámásì: Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ikùn ti fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sá jọ síbẹ̀, èyí tó ń dé kíndìnrín kò tó mọ́. Ló bá ń há iyọ̀ àti omi mọ́ra, omi náà ló ń kún ikùn. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, kò sí àgbo, kò sí oògùn oorun. Parasitamọ́ọ̀ 500 mg kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ lóòjọ́. Iyọ̀ ọjọ́ kan ò gbọdọ̀ ju 5 g lọ, ṣíbí kékeré kan tí kò kún bò, ti Maggi wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, onímọ̀ oúnjẹ: Ẹ má gé ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà o! Àwọn ló ń gbé ẹran ara wọn ró, ẹran ara yìí sì ń bá ẹ̀dọ̀ pa ammonia. Ẹ fún wọn ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí wọ́n tó sùn, torí ẹ̀dọ̀ náà ò lè tọ́jú ṣúgà di àárọ̀ mọ́.

Àbíkẹ́yìn: Ẹ ṣé gan-an. Ìgbẹ́ wọn dúdú láti àná, ṣé oúnjẹ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ṣé ó ń dán bí ọ̀dà, tó ń rùn burúkú? Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rọ́nà gba inú ẹ̀dọ̀ ti mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun wú, ó ti bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló tún ń di ammonia nínú ìfun, tí wọn ò fi mọ ọjọ́. Ẹ gbé wọn lọ sọ́sípítù ńlá nísinsìnyí, kí ẹni tó lè fẹ̀jẹ̀ tọrẹ tẹ̀ lé yín.