Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n kọ́kọ́ rà mọ́ kámẹ́rà mi tuntun?
Ẹ̀yin ọ̀gá fọtógíráfà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, òde ìnáwó àti Ojúde Ọba ni mo ń yà jù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí Canon 600D bọ́ sórí 6D Mark II, inú mi dùn gan-an, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì EF-S 18-55 mi ò wọ̀ ọ́, bátìrì àtijọ́ náà ò bá a mu, lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 nìkan ló kù tí mo lè lò. Lẹ́ǹsì 70-200mm f/4 tó ń fa nǹkan ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni lọkàn mi ń fà sí, torí tí àwọn ìdílé Balógun bá ń fẹṣin dárà, ta ló máa sún mọ́ wọn, mo sì fẹ́ kí ojú ẹlẹ́ṣin hàn kedere, kì í ṣe eruku lásán. Àwọn kan ní kí n ra lẹ́ǹsì 85mm f/1.8 àti fíláàṣì ṣáájú. Èwo lẹ máa mú?

Ti sọfúwíà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe ńkọ́? RAW (fáìlì fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe gbà á gan-an, tí èèyàn á wá tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà) ni mo fẹ́ máa yà báyìí. Digital Photo Professional ti Canon ò gbowó, darktable náà ò gbowó, Lightroom ló ń gba owó oṣooṣù. Láptọ́ọ̀pù mi ò ju RAM 8GB lọ, ẹni tó bá ti lo darktable lórí irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í fà?